Ẹ Pè É Kó Wá Wò Ó

Ìbéèrè kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí, ó sì ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìbéèrè náà ò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gba fóònù mi, ó ń wo àwọn fídíò bọ́ọ̀lù àtijọ́, bó ṣe bọ́ sórí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2000 nìyẹn, èyí tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gbá ní Sùúrùlérè. Ó wo pẹnáritì Victor Ikpeba. Ó dá a dúró, ó dá a padà, ó tún un wò. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, góòlù nìyí o. Kí ló dé tí rẹfirí ò lọ wò ó?"

Mo ní kò síbi tó fẹ́ lọ wò ó.

Ó ní, "Ṣé kò sí tẹlifíṣàn nígbà yẹn ni?" Mo ní tẹlifíṣàn wà. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ ti wò ó?" Mo ní orí tẹlifíṣàn náà ni. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. Mi ò ní ìyókù tí mo lè sọ fún un.

Ìgbà tí ọmọ yìí fi máa mọ bọ́ọ̀lù wò, VAR, ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n fi ń tún ìpinnu rẹfirí wò, ti dé. Gbogbo rẹfirí tó mọ̀ ló máa ń fi ìka kan etí, tó máa ń fọwọ́ ya àpótí sójú ọ̀run, tó máa ń sáré lọ síbi ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Lójú tiẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sùúrùlérè kò yàtọ̀ sí kí aláìsàn máa jẹ̀rora nínú yàrá, kí oògùn wà lórí tábìlì nínú yàrá kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì bu oògùn fún un. Èmi tí mo wà níbẹ̀, tí mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò wò ó báyẹn rí. Rẹfirí ṣì wí, ọ̀rọ̀ parí, ohun tí mo gbà láti ọdún 2000 wá nìyẹn. Ọmọ kékeré wá bi mí ní ìdí rẹ̀, ẹnu mi wọhò.

Nínú pálọ̀ bàbá mi

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000. Pálọ̀ bàbá mi ní Ìbàdàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ayálégbé wa wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ilé kejì dúró lójú fèrèsé, ìyá tó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé wa ti da aṣọ bo ọjà rẹ̀ ó ti wọlé. Ẹ ò nílò kí n máa ròyìn eré náà fún yín. Eto'o àti Mboma ti gbá méjì sáwọ̀n wa nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì wákàtí, Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi, Okocha sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ìkejì wá láti òkèèrè bí wọ́n ṣe dé. Ọ̀mì ni. Àfikún àsìkò, ọ̀mì náà ni. Ó wá kan wò-mí-kí-n-gbá-a-sí-ọ.

Ó kan Ikpeba. Ọkùnrin yìí ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún 1997, kì í ṣe ọmọ àná nídìí bọ́ọ̀lù. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ó fi orí sọ abẹ́ igi ìdábùú, ó já lulẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó sì ta padà síta. Gbogbo rẹ̀ ò tó kéèyàn ṣẹ́jú. Aṣọ́lé Kamẹrúùnù wà nílẹ̀. Rẹfirí, ọmọ orílẹ̀-èdè Tùnísíà, ní kò wọlé.

Fún ìgbà díẹ̀, pálọ̀ wa pa lọ́lọ́. Àwa náà gbà pé kò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ibẹ̀ yẹn, torí mo ti gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn bọ́ síta, ojú tí rẹfirí fi wò ó làwa náà fi wò ó. Orí ẹlòmíràn ti tẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sọ pé "Olúwa o." Ìgbà náà ni tẹlifíṣàn tún un fi hàn. Àwòrán náà lọ díẹ̀díẹ̀. Igi. Ilẹ̀. A sì rí koríko láàárín bọ́ọ̀lù àti ìlà.

Bàbá mi dìde. Èèyàn tí kì í pariwo ni bàbá mi. Bó bá ń bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó na ìka sí tẹlifíṣàn, ó lọgun: "Ẹ pè é kó wá wò ó! Ẹ pe rẹfirí yẹn kó wá wò ó níbí!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Níbo la ti fẹ́ pè é? Àárín Ìbàdàn sí Sùúrùlérè ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tọ́ láti sọ gan-an ni bàbá mi sọ. Kanu pàdánù tiẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, Rigobert Song gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, Kamẹrúùnù fi 4 sí 3 gba ife lọ lójú wa nílé wa. Bí wọ́n bá ka ti Ikpeba, kò ì bá tíì parí síbẹ̀.

Ẹni tí kò rí i

Lọ́dún yẹn, àwọn èèyàn sọ oríṣiríṣi. Wọ́n ní àwọn ará Àríwá Áfíríkà ò fẹ́ràn wa. Wọ́n ní owó ti wọ àpò kan. Èmi náà sọ ọ́ níléèwé, mo sì bá àwọn tó ní irọ́ ni jà. Mo ti kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìdí rẹ̀.

Òfin ní bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá ìlà pátápátá, kódà kó ku bí etí rẹ̀ ṣe mọ, kì í ṣe góòlù. Ìlà náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọwọ́ kan ni, lórí nǹkan tó ń sáré bí ọta ìbọn. Ẹni tó bá dúró síwájú góòlù kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dúró lórí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló lè rí i, òun náà sì ní láti máa ṣọ́ bóyá aṣọ́lé ti kúrò lórí ìlà kí wọ́n tó gbá a. Ojú méjì ni Ọlọ́run fún un, iṣẹ́ méjì ni òfin fún un, ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀. Kò rí i ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá dúró síbẹ̀ lè má rí i.

Ohun tó yẹ kó bí wa nínú ni pé ẹ̀rọ rí i. Kámẹ́rà wà ní pápá, ó ya á, ó sì gbé e wọ pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, ó gbé e lọ sí Dùálà àti Yàúńdé ní Kamẹrúùnù. Àwọn tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́yìn pápá, bí wọ́n bá ní tẹlifíṣàn kékeré kan, wọ́n rí i. Nínú gbogbo àwọn tó ń wo eré náà, ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin kò gbà kó rí i. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ò ní láti sáré rárá. Ó dé láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo wa ṣílẹ̀kùn fún un, rẹfirí nìkan ni ilẹ̀kùn tirẹ̀ tì.

Ọjọ́ kan ní Gúúsù Áfíríkà

Mo rò pé àwa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àfi ìgbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní Ife Àgbáyé tí wọ́n gbé wá sí ilẹ̀ wa. Ní Bloemfontein, Jámánì ń fi 2 sí 1 na Ẹ́ńgílàndì nígbà tí Frank Lampard gbá bọ́ọ̀lù kan. Abẹ́ igi ìdábùú ló ti lọ, ẹ̀yìn ìlà ló já sí, ó sì ta padà, bíi ti Ikpeba gẹ́lẹ́, àyàfi pé ti Lampard wọlé jìnnà débi pé ẹni tó bá wà lókè téńté lè rí i. Rẹfirí Jorge Larrionda, ọmọ Úrúgúwè, àti alásíá rẹ̀ ò rí i. Jámánì fi 4 sí 1 gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ní Soccer City ní Johannesburg, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Carlos Tevez fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún Ajẹntínà, Mẹ́síkò wà níwájú rẹ̀. Ọ́fúsáìdì ni, kò sí ẹnì kankan láàárín òun àti góòlù. Wọ́n kà á. Ni ẹ̀rọ ńlá inú pápá bá tún un fi hàn! Àwọn agbábọ́ọ̀lù Mẹ́síkò rí i, gbogbo èrò ìwòran rí i, wọ́n ya bo Roberto Rosetti, rẹfirí ọmọ Ítálì, àti alásíá rẹ̀, wọ́n ń nàka sókè sí àwòrán tó wà lórí wọn. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ ní pálọ̀, wọ́n sì dúró lójú rẹfirí náà gan-an. Kò lè ṣe nǹkan kan. Òfin ò fàyè gba fídíò. Góòlù dúró, Ajẹntínà fi 3 sí 1 borí.

Ohun àkọ́kọ́ tí FIFA sọ lọ́jọ́ kejì ni pé àwọn máa mójú tó ohun tí wọ́n ń fi hàn lórí ẹ̀rọ inú pápá, kí irú rẹ̀ má bàa wáyé mọ́. Ẹ gbọ́ o. Iná ń jó orí òrùlé, wọ́n ní kí wọ́n pa ojú tó ń wò ó dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sepp Blatter, ààrẹ FIFA nígbà náà, wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹ́ńgílàndì àti Mẹ́síkò. Ó sì tún gba ọdún méjì sí i. Lọ́dún 2012, ní Donetsk, Ukraine gbá ọ̀kan wọ ilé Ẹ́ńgílàndì, John Terry yọ ọ́ lẹ́yìn ìlà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi rẹfirí kan kún àwọn tó kù nígbà yẹn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ góòlù gan-an. Kò rí i. Láàárín oṣù kan, lọ́jọ́ 5 oṣù Keje, àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ẹ̀rọ ojú ìlà. Ní Ife Àgbáyé 2014 ní Bràsíl, kámẹ́rà 14 ló wà ní pápá kọ̀ọ̀kan, méje sí góòlù kọ̀ọ̀kan, aago ọwọ́ rẹfirí sì máa ń gbọ̀n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Ikpeba yanjú. Ọdún mẹ́rìnlá ló gbà.

Ó rí i, síbẹ̀

VAR wọ Ife Àgbáyé lọ́dún 2018 ní Rọ́ṣíà. Mo rò pé ìyà ti tán. Ṣùgbọ́n góòlù tó wọlé tàbí tí kò wọlé, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, ẹ̀rọ lè wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ tó kan bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà, ní St. Petersburg, àwa àti Ajẹntínà wà ní 1 sí 1, ọ̀mì yẹn sì tó wa láti tẹ̀ síwájú. Bọ́ọ̀lù kan wọ àárín, Marcos Rojo forí kàn án, ó ta bà á lọ́wọ́. Rẹfirí Cüneyt Çakır, ọmọ Tọ́kì, lọ síbi ẹ̀rọ. Ó wò ó. Ó padà dé, ó ní kò sí pẹnáritì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Rojo kan náà gbá góòlù tó lé wa padà sílé. Ohun tó jẹ́ kó tún ro mí ni pé ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀, nínú eré Ìránì àti Pọ́túgà, bọ́ọ̀lù ba Cédric Soares lọ́wọ́, rẹfirí mìíràn lọ síbi ẹ̀rọ, ó sì fún Ìránì ní pẹnáritì.

Bóyá ìyàtọ̀ wà láàárín ọwọ́ méjèèjì. Ó ṣeé ṣe. Bọ́ọ̀lù tó ti orí ẹni ta bá ọwọ́ ẹni kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú èyí tí ọwọ́ lọ pàdé. Bó bá jẹ́ ohun tí rẹfirí wa rò nìyẹn, mo lè gbà á, inú mi á bàjẹ́ ṣùgbọ́n máa gbà á. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa lórí pápá. Ó lọ, ó wò, ó bọ̀, ó mi orí. Àwa tá a rí ohun tó rí kò mọ ohun tó rò.

Bouaké

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024. Ìpele kejì sí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, àwa àti Gúúsù Áfíríkà, ní Bouaké, ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ilé ìwòran kan ní Ìbàdàn ni mo wà. Bẹ́ǹṣì onígi, fáànù méjì, a fún pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ họ ara gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Troost-Ekong ti fi pẹnáritì fún wa ní ọ̀kan. Ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lójijì, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ní iwájú ilé wa, àwọn tiwa gbé e sáré, ó dé ọ̀dọ̀ Osimhen, Osimhen parí ẹ̀.

Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé mi kúrò nílẹ̀. Òórùn òógùn rẹ̀ àti ti àgbàdo sísun tó ń jẹ ṣì wà ní imú mi. Wọ́n ti ń kọrin níta. Obìnrin tó ń ta omi tutù ju àpò omi méjì sókè, ó ní ọ̀fẹ́ ni.

Ẹnì kan wá ní, "Ẹ dúró ná." Rẹfirí ti fi ìka kan etí. A rò pé ọ́fúsáìdì ni wọ́n ń wò, a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jiyàn pé Osimhen dúró dáadáa. Àwòrán tí tẹlifíṣàn ń fi hàn ò jọ ti Osimhen rárá. Iwájú ilé tiwa ni. Ẹsẹ̀ Alhassan Yusuf ni, àti Percy Tau tó ń ṣubú, kí àwọn tiwa tó gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ariwo pọ̀, a ò gbọ́ ohun tí asọ̀ròyìn ń sọ. Ọkùnrin tó gbé mi yẹn ń bi mí léraléra pé, "Kí ni wọ́n ń wò? Kí ni wọ́n ń wò?" Mi ò mọ̀. Ìgbà tí rẹfirí fọwọ́ ya àpótí, tó sì nàka, ìka náà ò nà sí àárín pápá. Ó nà sí ilé wa. Góòlù wa parẹ́, pẹnáritì ni fún wọn. Teboho Mokoena gbá a wọlé. 2 sí òdo ti di 1 sí 1, láìsí pé ẹnikẹ́ni bá wa sọ gbólóhùn kan.

Ìpinnu náà tọ́. Mo ti wò ó ní ìgbà tí mi ò lè kà, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n jẹ góòlù yẹn lẹ́yìn tí wọ́n gbá ẹni tiwa ṣubú nínú ilé wọn, ohun tí mo máa béèrè fún náà nìyẹn. A sì padà borí, 4 sí 2, Nwabali ṣe ohun ribiribi, Iheanacho gbá èyí tó kẹ́yìn. Síbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn wa gbé e lọ́jọ́ kejì pé àwọn kan ò rí òpin rẹ̀: wọ́n ṣubú lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa èèyàn, mi ò ní di ikú ẹnikẹ́ni ru rẹfirí. Mo kàn mọ bí àyà tèmi ṣe ń lù.

Ìgbà tí ìbéèrè ọmọ yìí ń dà mí láàmú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé Sùúrùlérè àti Bouaké, ọgbẹ́ kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ ló yí padà. Lọ́dún 2000, àwa rí i, rẹfirí ò rí i. Lọ́dún 2024, rẹfirí rí i, àwa ò mọ ohun tó ń wò. Àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe, ìkejì jẹ́ òótọ́, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sì gbà dùn mí.

Bí wọ́n ṣe ń dájọ́ nílé wa

Bàbá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Mo rántí èyí tó dá lórí owó iná. Ayálégbé méjì ló ń lo mítà kan. Ọ̀kan ní fíríìjì, ìkejì ní gílóòbù méjì péré àti rédíò, oní-fíríìjì sì ní kí àwọn pín in sí méjì ọgbọọgba. Bàbá mi gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n kò dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ ẹjọ́ náà padà fún wọn. Ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu tìẹ náà nìyí. Ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa?" Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á wá ní, "Ibi tí mo fẹ́ gbà lọ nìyí, ohun tí mo rò nìyí." Oní-fíríìjì jẹ̀bi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Bí bàbá mi bá kàn wọ yàrá, tó sì jáde wá sọ pé "ìwọ lo máa sanwó", ìjà ni ì bá dé.

Ẹnì kan lè sọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹjọ́ onílé, pé èrò tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2023, ní Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní Ọsirélíà àti New Zealand, wọ́n gbé makirofóònù fún àwọn rẹfirí. Ní eré àkọ́kọ́ ní Auckland, Yoshimi Yamashita láti Japan wo ẹ̀rọ, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo pápá ní ẹnu ara rẹ̀: bọ́ọ̀lù kan ọwọ́, pẹnáritì ni. Ria Percival gbá a, ó bá igi ìdábùú, kò wọlé. (Nígbà tí mo rí igi yẹn, orúkọ Ikpeba bọ́ lẹ́nu mi.)

Àwọn ọmọbìnrin wa náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ní Brisbane, wọ́n kojú Ẹ́ńgílàndì. Rẹfirí Melissa Borjas, ọmọ Họndúrásì, fún Ẹ́ńgílàndì ní pẹnáritì, wọ́n pè é, ó lọ wò ó, ó fagi lé e. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Lauren James tẹ Michelle Alozie mọ́lẹ̀, wọ́n tún pè é, ó lọ wò ó, ó sì fún James ní káàdì pupa. Òfin ìdíje náà ni pé kí rẹfirí sọ ohun tó pinnu sí etí gbogbo èèyàn. A pàdánù lọ́jọ́ yẹn, 4 sí 2 nígbà pẹnáritì, ó sì dùn wá wọra. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí di òní, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lágbègbè mi sọ pé rẹfirí ló jẹ wá níyà.

Ohun tí mo fẹ́ kí CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, ṣe nìyẹn, kí wọ́n sì ṣe é ní gbogbo ìdíje wọn. Mo mọ̀ pé èdè jẹ́ ìṣòro: Faransé ni wọ́n ń sọ ní Bouaké, Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa, Lárúbáwá ni ti rẹfirí ọmọ Íjíbítì tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ńlá nígbà náà. "A ń wo bóyá wọ́n ṣẹ̀ sí Tau níwájú góòlù." Gbólóhùn kan ṣoṣo, ní èdè mẹ́ta, nígbà tí wọ́n ṣì ń wò ó lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá parí. Ọkùnrin tó gbé mi sókè yẹn ì bá ti mọ ohun tó ń retí. Ohun tó burú jù fún un kì í ṣe pẹnáritì náà. Ìbéèrè tó ń bi mí ni, tí mi ò lè dá a lóhùn.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n kúkú kó VAR kúrò, pé ó ti gba ayọ̀ góòlù lọ́wọ́ wa. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ kó o kúrò, kó kọ́kọ́ wá jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000.

Fóònù lọ́wọ́ bàbá mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fídíò náà lọ bá bàbá mi. Ó ti lé lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ní láti gbé fóònù náà sún mọ́ imú. Mo dá àwòrán dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀. Mo fi ìka hàn án: ìlà nìyí, bọ́ọ̀lù nìyí, koríko tó wà láàárín wọn nìyí. Mo rò pé á tún lọgun bíi ti ìjọ́sí, àbí á ní, "Mo sọ fún yín."

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò bi mí bóyá ó wọlé. Ó ní, "Rẹfirí yẹn, ṣé ó ti wá rí i?"

Mo ní, "Á ti rí i, Bàámi. Kò lè má rí i."

Ó mi orí. Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní kí n tún fi hàn òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má dá a dúró lọ́tẹ̀ yìí, kí n jẹ́ kó lọ bó ṣe lọ lọ́jọ́ náà.